Ẹ̀rọ Àjọni ní Boca del Cedro

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó tì mí. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ̀fọn má baà bá wa gbọ́ ọ.

Ní Boca del Cedro, níbi tí odò wa ti ń ya wọ òkun, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀rọ kan tó ń ronú bí ènìyàn ló sì ń pín oògùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, Don Wilberto alága ìlú, Dókítà Ligia, àti Fabián tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà gun orí pèpéle, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ní gbogbo àwọn làwọn jọ ni ín, gbogbo àwọn làwọn yóò sì jọ dáhùn fún un. Ìlú pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta wọ́n.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà yọ Evaristo kúrò lára àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ. Nicolasa ìyàwó rẹ̀ mú un lọ bá alága. Alága ní ọ̀rọ̀ dókítà ni. Dókítà ní Fabián ló mọ̀ ọ́n. Fabián ní òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan bí alága kò bá ní kí òun fọwọ́ kàn án. Ohun tí Nicolasa ń wá kò ju ẹnì kan lọ, ẹnì kan ṣá, tí yóò ní èmi ni mo ṣì í, èmi ni màá tún un ṣe.

Kò rí i. Ló bá kéde àìsùn alẹ́ kẹsàn-án, èyí tí a máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, fún Evaristo. Ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Don Wilberto kì í sì í pa àìsùn jẹ nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ ojú omi alága wá. Wọ́n kí Nicolasa kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n sì wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jókòó. Bàbá arúgbó kan tó ń tiro ló ń gbé kọfí àti ọtí ìrèké kiri. Àwọn obìnrin akọrin ń kọrin òkú níwájú àbẹ́là. Apolonia, àgbà wọn, fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Dókítà Ligia fọwọ́ kàn án, ó ní kó mú un mọ́ra, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Alága fa orí ẹja mu títí tí òróró fi ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó lá a. Nicolasa wò ó, ó tún bu ẹja kún àwo.

"Ṣé wọ́n sin ín dáadáa?"

"Ẹ̀yin lẹ sin ín, Don Wilberto."

Alága ní ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kò burú. Ó na ife sí bàbá tó ń tiro, ó ní kó fi ṣúgà kún un.

"Bàbá, ẹ mọ olóògbé?"

"A jọ dàgbà ni."

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù o," ni alága wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹja.

Nicolasa fa àpótí, ó jókòó síwájú wọn. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ni àṣìṣe náà.

"Gbogbo wa ni, Màmá," ni Dókítà Ligia wí. "Ojúṣe àjọni ni."

"Ewúrẹ́ tí gbogbo ilé jọ ń sìn, ebi ní ń pa á kú. Ẹ dárúkọ ẹnì kan."

Fabián ń tẹ fóònù. Dókítà fi etí aṣọ funfun tó wà lábẹ́ àbẹ́là nu ìka rẹ̀. Alága dìde, ó ní àwọn yóò fi orúkọ Evaristo sọ gbọ̀ngàn ìpàdé ìgbìmọ̀, ó sì sunkún, omijé gidi. Kò sí ẹlòmíràn tó sunkún nínú ilé náà.

Wọn kò lọ títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, wọ́n di ẹja tó kù sínú ewé, bàbá tó ń tiro di okùn ọkọ̀ mú fún wọn kí wọ́n lè wọlé, wọ́n sì lọ.

Nicolasa gbá bàbá tó ń tiro náà lápá mú létí omi, ó ní, "Evaristo, ọkọ mi, wá jókòó, gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè, ẹ̀rọ wọn ló kọ́kọ́ ní o ti kú, àwọn tí a sì jọ ń dúró níwájú tábìlì wọn ti gba kọfí lọ́wọ́ rẹ mọ́jú, ẹnì kan kò wo ojú rẹ."