Ọkọ̀ Pupa tí Ọláníran Kò Wo Abẹ́ Rẹ̀

Ọláníran, àgbẹ̀ kòkó ní Ago Alaye, kì í jalè, kì í sì í mutí. Àléébù kan ló ní: bí ojú rẹ̀ bá ti rí ohun tó ń dán, etí rẹ̀ kì í gbọ́ràn mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ó rí ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan ní Ọ̀rẹ̀. Ó pupa, ó gùn nímú, ìlẹ̀kùn méjì péré ló ní. Bí wọ́n bá tẹná mọ́ ọn, ìgò á máa gbọ̀n lórí tábìlì àwọn tó ń jẹun nítòsí. Èmi náà lọ wò ó, n kò purọ́. Pamílẹ́rìn tó ni ín kò béèrè owó. Ọkọ̀ akẹ́rù Ọláníran ló ní kí àwọn fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù yìí ló ń kó kòkó wọn jáde láti oko Araromi-Obu, òun ló sì ń rán ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé.

Ọláníran kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ pupa náà lọ sílé àdúrà, wọ́n ta òróró sí i. Límátù, mẹkáníìkì rẹ̀, pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n wọ abẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí irin tó dàgbà jù mí lọ ṣe ń dán báyìí."

"Wọ́n ti gbàdúrà sí i. Tí a bá tún ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, àìgbàgbọ́ nìyẹn."

"Nọ́ńbà ara irin rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu?"

"Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù."

Elizabeth, ìyàwó Ọláníran, dá sí i. "Bàbá Fìyìn, àwọn tó ń ra kòkó wa pàápàá máa ń ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò wò kí wọ́n tó sanwó. Ẹ jẹ́ kó wò ó."

Ọláníran ti ń nu gíláàsì ọkọ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò fi rọ̀. Ó ń fi ọkọ̀ pupa náà gbé àpò kòkó mẹ́ta bọ̀ láti oko nígbà tó já sí kòtò. Nǹkan dún lábẹ́, àárín ọkọ̀ sì wọlẹ̀. Ọláníran ń wo ẹrẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láti ojú ihò tó lu, ó bú sẹ́kún.

Límátù dé, ó fi òòfà, irin tó ń fa irin mọ́ra, kan ìlẹ̀kùn. Kò lẹ̀ mọ́ ọn, ó já bọ́.

"Irin kọ́ nìyí, bọ̀dá. Irin rẹ̀ ti dógùn-ún tán, wọ́n fi ohun rírọ̀ bí àmọ̀ rẹ́ ihò rẹ̀ pa, wọ́n wá kùn ún lọ́dà. Nọ́ńbà rẹ̀ kò sì bá ìwé mu, ẹ ò lè rí i tà."

Wọ́n wá Pamílẹ́rìn títí, wọn kò rí i.

"Èló lo ra òòfà yẹn?" Ọláníran béèrè.

"Mi ò rà á. Inú sípíkà tó bàjẹ́ nílé àdúrà yín ni mo ti yọ ọ́."

Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé kòkó wọn ní àpò kọ̀ọ̀kan. Òjò ń pa á, ó ń bu. Fìyìnfólúwa àkọ́bí rẹ̀ ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń bá a ru ẹrù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́, kó wo abẹ́ rẹ̀ kó tó wo ọ̀dà rẹ̀. Kó fi nọ́ńbà ara irin wé ti inú ìwé, kó sì jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ohun tó ń bọ́ ilé rẹ̀ gbà á. Ìbéèrè kì í ṣe àìgbàgbọ́. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí à ń gbà á sí ló fún wa lójú.