Koko Kì Í Ṣe Èsì fún Dókítà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì na ẹ̀yìn yín tààrà, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní ìlú Òkèrúwà, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Ọláòṣebìkan. Iṣẹ́ káfíńtà ló ṣe dàgbà, èèyàn dáadáa sì ni, àmọ́ ó ní àléébù kan: kò sí ohun tó lè dùn ún tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí pákó bá já lù ú, á ní pákó náà ni kí wọ́n kí pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá sì bi í pé, "Bàbá, ara ńkọ́?" èsì kan ṣoṣo ló ní: "Koko lara ọta ń le!"

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara Bàbá kò le. Bó bá ti rìn díẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á wúwo, wọ́n á sì kú tipiri. Àfi kó tẹ̀ síwájú tàbí kó jókòó kó tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọgbọ́n tó wá dá sí i ni kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó ti gbó. Kì í gùn ún o. Ṣe ló máa ń tì í káàkiri ìlú, tó máa ń tẹ̀ síwájú fara tì í. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ọ̀nà ló burú, òun kò fẹ́ kí táyà òun bẹ́.

Lọ́dún kan, Dókítà Mojírádé dé sí gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀dọ́ ni, ó sì mọ èèyàn kí. Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí irú àrùn ẹ̀yìn yìí, níbi tí ihò inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti máa ń há, tó sì máa ń fún iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Àwọn kan á máa gba abẹ́rẹ́, àwọn kan á máa ṣe eré ìdárayá, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ sí i, wọ́n á tètè gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Bàbá Ọláòṣebìkan wọ ìwádìí náà. Láníyọnu náà wọ̀ ọ́, ọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ rẹ̀, tóun náà ti bímọ, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n máa ń jókòó sí, àgbà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ara ńkọ́? Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Koko lara ọta ń le, ọmọ mi!"

Dókítà á rẹ́rìn-ín, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara Bàbá ń yá, á wá kọjú sí Láníyọnu. Ẹ rò ó wò ná. Ọ̀gá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé koko ni, ṣé ìwọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá máa ní ìwọ ń kú lọ ni? Láníyọnu á ní, "A dúpẹ́, mà." Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí òjò fi rọ̀ tó fi dá.

Nígbà tó yá, Láníyọnu kò wá mọ́. Bàbá ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé rẹ̀, ó sì bá a lórí ẹní. Ó ti ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè mọ́.

"Láníyọnu, kí ló dé tí o kò sọ fún dókítà?"

"Ọ̀gá, mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe fún gígùn. Ẹ̀yin tó ń dùn tó bẹ́ẹ̀ ní koko ni. Ẹnu wo lèmi fẹ́ fi sọ pé ó ń dùn mí?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lákínyẹmí ara. Ojú tì í, àánú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣe é débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Gbọ̀ngàn ló gbà lọ tààrà. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níta, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé lójú gbogbo èèyàn, kò sì tíì dé ìdí tábìlì tó fi di ògiri mú.

"Ọmọ mi, irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Ó ń dùn mí, kò fìgbà kan dẹ̀ rí. Àmọ́ tèmi kọ́ ló gbé mi wá. Tètè bá mi dé ọ̀dọ̀ Láníyọnu."

Dókítà dìde. "Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, Bàbá. Mo rò pé mò ń bi yín ní ìbéèrè, àṣé kíkí ni mò ń kí yín."

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Láníyọnu lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ìrora rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì yẹn kò padà bọ̀ sípò tán. Dókítà ní ká ní àwọn tètè mọ̀ ni, ì bá bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà, kò bi ẹnikẹ́ni ní "ara ńkọ́" mọ́ kó tó kọ nǹkan sílẹ̀. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé ìdí igi ọ̀dán yẹn," á sì fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹsẹ̀ kálukú ti kọ̀. Wọ́n yí ìtọ́jú Bàbá padà, ara sì tù ú. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún Láníyọnu. Bí ẹ bá dé Òkèrúwà lónìí, ẹ ó rí àwọn méjèèjì lọ́nà: ọmọ iṣẹ́ ló ń tẹ̀ síwájú fara ti kẹ̀kẹ́, ọ̀gá ló ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kí Bàbá pé ara ńkọ́, á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ Láníyọnu kó tó dáhùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí wọ́n bá kí yín lójú ọ̀nà, ẹ ní koko, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó fẹ́ wò yín sàn, ẹ sọ ibi tó ń dùn yín. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá dàgbà, ẹnu yín lẹni tó wà lẹ́yìn yín á máa wò kó tó la tirẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi náà wá fi kún un: bó bá jẹ́ àgbà ló dákẹ́, tọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á bá a dákẹ́ pẹ̀lú.