Rọ́bọ́ọ̀tì Méjì, Pátákó Kan

"Màdámù, ó tún ti pa á rẹ́!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Rọ́bọ́ọ̀tì pupa kọ "márùn-ún" sójú pátákó. Aláwọ̀ ewé nù ún kúrò, ó kọ "méje" dípò rẹ̀.

"Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀," ni olùkọ́bìnrin náà wí. "Ẹni tó bá kọ kẹ́yìn ló ń borí."

Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà já wọlé, ẹ̀gbọ́n nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ni ilé-ìwé náà. "Ẹ̀rọ tí ò gbọ́ra wọn yé lẹ fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?" Ó ju lẹ́tà sórí tábìlì. "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kíá!"

Bó ṣe jáde báyìí ni àbúrò rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Màdámù wa! Mo ti sọ yín di olórí ẹ̀ka o. Lẹ́tà yín rèé, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kíá."

"Ṣé ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́, sà?"

"Ta ló ráyè ìyẹn!"

Gbogbo ilé-ìwé ló mọ akọ̀wé wọn: lẹ́tà tó bá dé kẹ́yìn ló máa ń tẹ̀ lé, á sì fa ti ìṣáájú ya.

Olùkọ́bìnrin náà gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lé rọ́bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ó sì rán wọn sí akọ̀wé. Ó di aláwọ̀ ewé, tó gbé ipò olórí, mú ṣinṣin. Ó wá ń kígbe tẹ̀lé pupa, tó gbé lẹ́tà tó lé e kúrò níṣẹ́:

"Sáré, ọmọ dáadáa! Sáré, má wẹ̀yìn o!"