Ọ̀gá Kan Ṣoṣo

Lọ́jọ́ karùn-ún tí wọ́n jí Ràsáàkì gbé lọ́nà oko, Waheedat ọmọ rẹ̀ rí àwọn tó ń wá a kó jọ sójú kan. Àwọn ajínigbé ti ní bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí àwọn kò rí owó gbà, òkú ni ẹbí yóò wá gbé.

Alhaji Muhydeen ló ní kí ìpàdé náà jẹ́ ní pálọ̀ òun ní Ìgànná. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń ra epo fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọgbó. Òjò àárọ̀ ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìkó-kàṣíù rẹ̀ wọlé, àgádágodo tuntun ń dán lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé náà. Alhaji gba fóònù wọn, ó kó wọn sápò agbádá, ó sì ní kí wọ́n ti géètì.

"Kí ọ̀rọ̀ má baà jò," ni ó wí.

Waheedat bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ológun Ṣáínà ló fi kọ ìwé àṣejáde rẹ̀ ní yunifásítì.

"Tẹ́lẹ̀, ológun orí ilẹ̀ ń gbọ́ ti ọ̀gá tiwọn, ti òfurufú ń gbọ́ ti tiwọn. Ní 2016 wọ́n pín ilẹ̀ wọn sí ẹkùn márùn-ún. Ẹ wo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó ń ṣọ́ ẹnubodè Íńdíà: gbogbo ìròyìn, ojú kan náà ló ń já sí, ọ̀gá kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà ṣe."

"Ṣáínà?" Ọ̀jẹ̀túndé, olórí ọdẹ, ní. "Tọ́ọ̀ṣì wọn tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti kú."

"Ọ̀kadà wọn ni mò ń gùn, Bàbá," ni Cornelius, alága ọlọ́kadà, dáhùn. "Òun ṣì ń rìn."

"Ta ni yóò wá jẹ́ ọ̀gá náà?" Ìyá Samsudeen onígàrí béèrè.

Gbogbo wọn wo Alhaji. Òun ló dàgbà jù, òun ló sì ni ilé.

"Ó dáa," ni Alhaji wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ ìmumu. Kí kálukú wá bá mi sọ tirẹ̀ ní yàrá."

"Ẹ má bínú, sà," Waheedat ní. "Ojú ara wa ni a ó ti sọ ọ́." Ó ya àwòrán ìlú sínú ìwé, ó mú bírò.

Ọ̀jẹ̀túndé ní ipasẹ̀ àwọn ajínigbé wọ odò, kò sì jáde sí òdìkejì tó lọ sí Ijio. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n tọ̀, níbi tó ti gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Waheedat fa ìlà kan.

Cornelius ní ọkọ̀ kan kúrò létí odò lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jí Ràsáàkì gbé. Àwọn ọlọ́kadà rẹ̀ ní oríta Ìwéré-Ilé kò rí i kó kọjá. Ìlú ló wọ̀, láti ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Waheedat fa ìlà kejì.

Alhaji ń ka tẹ̀sùbáà.

"Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìròyìn ni tèmi," Ìyá Samsudeen ní. "Ọkùnrin kan ń ra gàrí kóńgò méjì lójoojúmọ́ láti ọjọ́ márùn-ún. Kì í nájà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló sì ń yà sí."

Tẹ̀sùbáà dúró.

Waheedat fa ìlà kẹta, bírò rẹ̀ kọjá mọ́ṣáláṣí, ó kọjá ilé méjì, ó sì kan àwọn ìlà yòókù ní ibi tí àwọn márààrún jókòó sí, ó wá rántí àgádágodo tuntun lẹ́nu ilé ìkó-kàṣíù, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹta nìyí tí kàṣíù ti tán nílẹ̀.