Ẹni Tó Lọ Sọ Ọ́ fún Ògúnsànyà

Bí ẹnì kan bá lọ tú àṣírí ọmọ yín, tí wọ́n sì torí ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ilé ta lẹ máa kọ́kọ́ gbà lọ?

Ilé iṣẹ́ ike kan ní Ìkòròdú ni Làtífù ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń dín èèyàn kù níbẹ̀. Tí ẹ̀rọ kan bá ti dúró, wọ́n á ní kí àwọn tó ń lò ó máa lọ sílé. Ṣẹ̀rífátù ìyá ẹ̀, tó wá láti Ẹ̀pẹ́ láti bá òun àti ìyàwó ẹ̀ tọ́mọ ní Ìgbògbò, ló sọ fún un pé kó má jókòó kó máa wojú ọ̀gá.

"Bàbá ẹ ń pẹja, ó ń hun àwọ̀n, ó tún ń kan ọkọ̀ ojú omi," ló wí. "Tí ẹja ò bá wọ àwọ̀n, a ṣì ń jẹun. Ìwọ ńkọ́? Tí ẹ̀rọ yẹn bá dúró lọ́la, kí lo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Má tíì fi tọwọ́ ẹ sílẹ̀ o. Kó o sì di ẹnu ẹ."

Ùsmán, ọ̀rẹ́ Làtífù níbi iṣẹ́, ló mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Mùsílíù, tó ń gbé sólà sórí òrùlé fáwọn èèyàn ní Itamaga. Mùsílíù gbà á láìgba kọ́bọ̀. Ó ní kó máa wá lẹ́yìn iṣẹ́ àti ní Sátidé, kó máa bá òun gbé àkàbà, kó sì máa wo ọwọ́ òun. Làtífù ń lọ. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ tòun ti òkèlè lọ́wọ́. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń so bátìrì pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lè dá gun òrùlé ẹnikẹ́ni.

Inú Ṣẹ̀rífátù ń dùn. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ó ra ṣúgà àti àkàrà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àsàlátù lódìkejì Ìgbògbò, bí àwọn ìyá ti máa ń ṣe tí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n ń tọrọ.

"Mo ti fà ẹ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́," ló sọ nígbà tó dé. "Ìwọ ṣáà di ẹnu ẹ."

Ní Mọ́ńdè, ojú Ògúnsànyà, ọ̀gá wọn, pọ́n wá síbi iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ ò sinmi ni?" Ùsmán bi í.

"Sọ́ńdè kan ṣoṣo tí mo ní, ṣé àwọn ará ẹ̀yìn ilé mi jẹ́ n sùn?" Ó wo Làtífù, ó kọjá lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ló pe Làtífù sí ọ́fíìsì.

"Wọ́n ní kí n yọ ẹnì kan. Ẹni tó ti ríbi lọ ni mo yọ. Àwọn tó kù ò níbì kankan."

"Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín pé mo ríbi lọ?"

"Ṣé irọ́ ni? Ṣé o ò kọ́ sólà ní Itamaga?"

Làtífù bọ́ síta, ó gba ilé lọ.

Kó tó rojọ́ tán nílé, Ṣẹ̀rífátù ti so gèlè mọ́ ìdí. Ó di ilé Ùsmán. Làtífù tẹ̀ lé e.

"Ùsmán! Jáde síta! Ẹlẹ́nu-kì-í-pa-dé!"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Kí ni mo ṣe?"

"O ń bá ọmọ mi jẹ nínú abọ́ kan, o lọ tà á fún ọ̀gá! Òun wà nílé, ìwọ ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ta ló jèrè ẹ̀?"

"Mo fi Kùránì búra, mi ò sọ fẹ́nì kan."

"Má fi ẹnu yẹn pe Kùránì!"

Làtífù dì í lọ́rùn ẹ̀wù. Ẹ̀wù ya. Ibẹ̀ ni Mùsílíù, tí òun àti Ùsmán jọ ń gbé, ti jáde sí wọn, ọṣẹ ṣì wà létí ẹ̀.

"Ìyá, àbúrò mi tó bá yín wáṣẹ́ lẹ ń bú báyìí? Ó dáa. Làtífù, n kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ ẹ ní Itamaga mọ́."

"Ẹ gbé sólà yín jẹ!" Ṣẹ̀rífátù dá a lóhùn.

Bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe bọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Sọ́ńdè tún pé, Ṣẹ̀rífátù tètè jáde nílé, ó ní òun ò ní gbà fún ọ̀dàlẹ̀. Làtífù dá ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ó béèrè ilé Ògúnsànyà títí ó fi rí i, ó fi ẹ̀ṣẹ́ kanlẹ̀kùn.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́," ló sọ. "Orúkọ ẹni tó sọ fún yín ni mo fẹ́. Tó bá jẹ́ Ùsmán ni, ẹ sọ ọ́."

"Ùsmán kẹ̀? Ùsmán ò bá mi sọ nǹkan kan." Ògúnsànyà fa àga fún un. "Jókòó. Wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀."

Ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ògiri, sípíkà méjì wà lórí òpó, wọ́n kọjú sí yàrá.

"Ìyá wa tún gbé sàárà wá lónìí o," ohùn àfáà dún. "Ọmọ wọn Làtífù, tó ń ṣiṣẹ́ níbi ike, tí a bá ṣàdúrà lọ́jọ́sí lórí iṣẹ́ sólà tó ń kọ́ ní Itamaga, wọ́n ti lé e o! Ìyá ní ẹni tó lọ tú àṣírí ọmọ àwọn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ìsinmi."

"Àmín!" gbogbo àsàlátù dáhùn.

Ògúnsànyà na ìka sí sípíkà, àfáà sì ní kí wọ́n tún àdúrà náà ṣe, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ni àdúrà kí èpè náà má baà ṣìnà: Ṣẹ̀rífátù.