Ọ̀bọ Tó Ń Fi Àjẹ̀ Wá Àtẹ́wọ́

Ààlọ́ mi rèé o! Ó já ṣòbò sódò, ó bà lé Ọ̀bọ àti Pẹ́pẹ́yẹ lórí.

Ọ̀nì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ díje. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni yóò máa fọ eyín òun.

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kọ́kọ́ ki àjẹ̀ bọ omi dáadáa kó o tó fà á."

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn?"

"Ó yá!" ni Ọ̀nì wí. Pẹ́pẹ́yẹ ki àjẹ̀ bọ omi, ó fà á, ó lọ. Ọ̀bọ ń na ojú omi bí ẹni ń pa ejò. Omi fò sókè, ó ń dà padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ni èrò etí odò bá dárin:

Ọ̀bọ ń tukọ̀ o — Jàlàbú!
Omi ń fò sókè — Jàlàbú!
Ọkọ̀ dúró síbẹ̀ — Jàlàbú!

"Ẹ gbọ́ ariwo wọn!" ni Ọ̀bọ wí. "Mo ti gbawájú!" Omi ti dé ọrùn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀nì la ẹnu, Ọ̀bọ di pákò mú.

"Bí omi bá ta sí mi lójú pẹ́nrẹ́n, màá pa ẹnu dé."

Ọ̀bọ rọra ki pákò bọ odò. Omi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wọ inú òun.

Bí mo bá purọ́, kí Ọ̀nì pè mí wá fọ èyí tó kù.