Owó Ìrànwọ́ Àlímì

Nígbà tí ibà àti ikọ́ dá Àsàmáù dùbúlẹ̀ ní ọdún kòrónà, ọkọ rẹ̀, Àlímì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé tí wọ́n háyà yàrá sí ní Rumuigbo, ní Port Harcourt. Ó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e ní ìdájí lọ sí Omagwa, sí ahéré kan lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó ní bí àwọn aráalé bá gbọ́, ìjọba yóò wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn pamọ́ sí. Ó gba fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní wọ́n lè fi tọpa rẹ̀.

Ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó ń se àgbo fún un, ó sì ń fọ aṣọ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara obìnrin náà yá, ó sì fẹ́ padà sílé. Àlímì ní kó ní sùúrù. Ìjọba fẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ tí àrùn náà pa lára ní owó ìrànwọ́, òun sì ti forúkọ sílẹ̀. Bí owó náà bá ti jáde, àwọn yóò kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àsàmáù gbà. Kò bímọ, kò sì ní ẹbí kankan ní Port Harcourt.

Ní oṣù kẹjọ, iyọ̀ tán nínú ahéré. Àlímì ti lọ sí ìgboro, nítorí náà Àsàmáù fúnra rẹ̀ rìn dé ọjà Omagwa. Ibẹ̀ ló ti rí Ibiere, alábàágbé wọn ní Rumuigbo, tó ń ná ẹja gbígbẹ. Ó kí i. Ibiere wò ó, ó fi ẹja sílẹ̀, ó sì ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi bọ́ sí títì. Àsàmáù mọ̀ pé ẹ̀rù àrùn ń ba àwọn ènìyàn. Síbẹ̀ ó dùn ún. Inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti máa ń jẹun.

Nígbà tó ròyìn fún Àlímì, kò fi oúnjẹ kan ẹnu mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi í bóyá Ibiere dá a mọ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó múra, pé ní ọ̀tunla àwọn yóò jọ lọ sí ìpẹ̀kun oko, ó ní nǹkan tí òun fẹ́ fi hàn án.

“Ṣé kí n mú ọkọ́ dání?”

“Má ṣèyọnu. Mo ti gbé ọkọ́ síbẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Àlímì kò sí nílé, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá. Akínọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Port Harcourt, tó ń bá ìjọba yẹ oko wò. Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí owó Àlímì, ó ku kí ó wá buwọ́ lùwé.

“Mà, kí ni ọ̀gbẹ́ni Àlímì jẹ́ sí yín?”

“Ọkọ mi ni.”

Akínọlá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ohun tó dára ni Àlímì ṣe, pé kò yẹ kí ó dá gbé lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Àsàmáù bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ má bínú, mo rò pé ó ti sọ fún yín. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀ tí kòrónà pa aya rẹ̀ ni a fẹ́ san fún un. Gbogbo aráalé wọn ní Rumuigbo ló jẹ́rìí pé láti oṣù kẹrin ló ti sin Àsàmáù.”